Píkọ́ọ̀pù Tí Bọ̀dá Mi Fi Ránṣẹ́ Láti Buffalo

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko ni mo fi dúpẹ́ ọkọ̀ yẹn kí n tó wo abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n á ti kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi tán kẹ́ ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi, ọmọ ìyá mi. Bọ̀dá ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ní Buffalo, lókè Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, tí ìjọba sì máa ń da iyọ̀ sójú títì kí mọ́tò má baà máa yọ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló rán mi nílé ìwé títí mo fi gba dìgírì. Bàtà tí mo wọ̀ lọ wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, tiẹ̀ ni. Èmi náà ti lé láàádọ́ta ọdún báyìí, mi ò sì tí ì sọ fún ọkùnrin yìí rí pé ohun tó fún mi kò dáa. Ó fi kóòtù òtútù kan ránṣẹ́ nígbà kan tó jẹ́ pé èmi méjì ló lè wọ inú rẹ̀. Mo ní ó bá mi mu wẹ́kú.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gun ọkọ̀ gíga mọ́, ó bá ra kékeré kan. Ó ní kí n gba píkọ́ọ̀pù òun, kí n máa fi kó àga àti kánópì ṣọ́ọ̀ṣì, torí èmi ni mò ń bójú tó àga láàárín ẹgbẹ́ ọkùnrin wa. Tírélà ló gbé e dé iwájú ilé wa ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta. Pupa ni, ó ń dán yanran, inú rẹ̀ sì ń ta sánsán. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa wẹ̀ ẹ́ bí a ṣe máa ń wẹ ọkọ̀ tuntun nílé. Málítì àti mínírà la fi wẹ̀ ẹ́ o, torí díákónì ni mí. Pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbàdúrà fún táyà, ó gbàdúrà fún sítíárì, ó gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ nínú gbogbo wa.

Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń dúpẹ́. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo pe Bọ̀dá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tún pè é: "Bọ̀dá, ẹ ṣé àná o, sà." Ìyàwó mi pè é. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, obìnrin ni wọ́n, pè é ní "Uncle Buffalo", wọ́n ní, "Ẹ ṣé, we love it!" Mo pe àbúrò màmá wa ní Òṣogbo pé kí wọ́n bá mi dúpẹ́. Àwọn náà pè é, wọ́n fi odidi ìdajì wákàtí gbàdúrà fún un, wọ́n sì kó nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn ẹbí tó kù. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹbí wa tí kò tí ì dúpẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ọpẹ́ tó ti rìn jìnnà báyẹn, ta ló fẹ́ lọ pè é padà?

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́ǹpù. Ọkọ̀ kò gòkè. Jáàkì ló ń wọlé sínú irin, ó ń dún bí ẹni ń rún bísíkíìtì lẹ́nu. Ó yọ ọ́ kíá, ó ní kí n wá wò ó. Ó fi àtàǹpàkò ti ṣásì, irin gbọọrọ tí gbogbo ara ọkọ̀ gbé ara lé, àtàǹpàkò náà sì wọlé. Ìpẹtà ń ṣí bọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ń já lé bàtà mi.

Ó bi mí pé, "Apá òkè ni wọ́n ti gbé e wá, àbí? Iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Ọ̀gá, ẹ má wa ọkọ̀ yìí lórí highway mọ́ o. Ó lè dá sí méjì."

Ní àdúgbò tiwa, èéfín ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, èéfín tiẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ihò yẹn, ohun tó wá sọ́kàn mi ni Sátidé tó ṣáájú. Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì sínú ọkọ̀ yìí lójú òjò, a gba highway 85, eré sì ni mò ń sá, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọrin. Ẹ̀rù bà mí débi pé ọkùnrin yẹn gbé àga fún mi.

Mo rọra wà á gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé délé, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Bọ̀dá pè.

"Báwo ni mọ́tò?"

Ẹ gbà mí, òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Dáadáa ni, sà. Ẹ ṣé gan-an ni, sà."

Ó ní, "Ó dáa. Máa rọra wà á o. Ṣó o gbọ́? Máa rọra."

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan náà ó pè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì dúpẹ́. Ìgbà tó wá pè ní kẹrin, ó ní òun máa wá sí Atlanta lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ilẹ̀ kan ní Covington, òun fúnra òun ló sì máa wa píkọ́ọ̀pù náà lọ. Mo ní, "Inú wa á dùn, sà." Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, ìyàwó mi ń wò mí bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń wo aláìsàn tó gbé oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nọ́ọ̀sì sì ni lóòótọ́.

"Dádì, ẹ sọ òótọ́ fún Bọ̀dá."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé pàǹtírí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi? Lẹ́yìn tí gbogbo Òṣogbo ti dúpẹ́?"

"Ẹ sọ pé ó ti dípẹtà. Ìpẹtà kì í ṣe èébú."

"Ẹ̀gbọ́n tèmi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ó ní kò burú. Ó lọ sí shift rẹ̀. Èmi lọ ra ọ̀dà dúdú kan tó nípọn bí ọ̀dà títì, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Èrò mi ni pé bí abẹ́ rẹ̀ bá ti dúdú, Bọ̀dá kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án ni irin ń tẹ̀lé búrọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wò mí, ojú mi dúdú, irùngbọ̀n mi pọ́n. Ó ní, "Bí egbò bá ń rà, ẹ kì í fi pọ́dà bò ó." Ó wọlé lọ. Inú bí mi gan-an, torí òótọ́ ló sọ.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi, ní láàbù ọsibítù, ló júwe wẹ́dà kan tó ń jó irin fún mi ní Ellenwood. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni ọkùnrin náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti dúdú wà lọ́rùn rẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "E kaaro, sa." Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń kí. Nínú gáréèjì rẹ̀, ní igun kan, òòlù àtijọ́, ìṣó ojú irin rélùwéè àti àwọn irin mìíràn wà nílẹ̀ nínú ìkòkò, ó sì hàn pé ẹnìkan ń tọ́jú ibẹ̀ dáadáa. Èmi díákónì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọkàn mi. Ó ní láti jẹ́ pé ètè mi ń mì, torí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó ló ń sọ, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Yorùbá fún yín. Ó ní, "Ògún ni mò ń sìn. Ìwọ ńkọ́, irin lo gbé wá àbí ìwàásù?"

Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún un. Kó bá mi fi páànù pẹlẹbẹ dí àwọn ihò náà, kó kùn ún, kí ẹ̀gbọ́n mi má rí nǹkan kan, ó parí. Ó mú òòlù kékeré, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń kan ṣásì bọ̀ láti iwájú. Gbin, gbin, gbin. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ irin, ohùn yí padà: pọ̀, pọ̀.

"O gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́.

"Irin ni mo fi ń búra. Mi ò lè fi irin purọ́. Bí o bá fẹ́ kí n gé gbogbo ibi tó ti kú kúrò, kí n jó irin tuntun mọ́ ọn, mo máa ṣe é. Bí o bá fẹ́ kí n bò ó, máa gbé e lọ."

Mo bínú jáde. Mo ní èmi ni mo ni ọkọ̀, èmi ni mo sì mọ ohun tí mo fẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń retí kó sáré tẹ̀ lé mi bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń sáré tẹ̀ lé oníbàárà nílé. Kò jáde. Mo wá rántí kóòtù ìbílẹ̀ ìlú wa. Onígbàgbọ́ á di Bíbélì mú, Mùsùlùmí á di Kùránì mú, ẹni tí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì, irin ni wọ́n máa ń gbé fún un kó fi kan ẹnu. Mo wà ní kékeré lọ́jọ́ tí mo rí ọkùnrin kan tó gba irin náà, tó wò ó, tó gbé e sílẹ̀, tó sì jẹ́wọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti kúrò nílé, n ò rò ó rí pé Ellenwood ni irin yẹn máa ti bá mi. Mo padà wọlé. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Márùn-ún, bí ìwọ náà bá máa ṣiṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gan-an ló kù kí Bọ̀dá dé. Gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá ti níṣẹ́ ní ọsibítù, Ellenwood ni mo máa ń wà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a ní láti gbé bọ́dì ẹ̀yìn kúrò lórí ṣásì. Bóòtù mẹ́fà ló dè é mọ́lẹ̀. Méjì tú. Mẹ́rin yòókù, a da epo sí wọn, a fi iná sun wọ́n títí wọ́n fi pọ́n, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn kò lọ. Níkẹyìn a gé wọn lórí. Mo pe àwọn ọkùnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa láti wá bá wa gbé e. Wọ́n dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni ọ̀kan bá ní ká gbàdúrà ná. Àdúrà náà gùn. Ó ti dé orí àwọn opó àti aláìlóbìí kí ẹni tó wà ní igun òsì tó pariwo pé, "Àmín o, ọwọ́ mi ti fẹ́ já!" Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ jókòó.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò títí irin funfun á fi yọ. Ó wọ etí mi, ó wọ imú mi. Wọ́n bi mí ní láàbù bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun irun. Wẹ́dà kọ́ mi bí a ṣe ń fi òòlù gbọ́ irin, n kò sì lè gbé ọwọ́ mi jẹ́ẹ́ mọ́; mò ń kan ìgànná, mò ń kan páìpù omi, mò ń kan ẹsẹ̀ àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní kí n kan orí ara mi wò. Inú mi dùn lásìkò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wẹ́dà á gé ibi tó ti kú, á wọn irin tuntun, á jó o mọ́ ọn, èmi á máa di iná tọ́ọ̀ṣì mú. A pààrọ̀ àwọn páìpù búrèkì, torí iyọ̀ ti jẹ àwọn náà. Lálẹ́, Bọ̀dá á pè, màá sì sọ pé ọkọ̀ ń lọ geerege.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin la wà nígbà tí Bọ̀dá pè ní Ọjọ́rú, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

"Lọ́la kẹ̀, sà? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan. Mi ò kàn lè dúró mọ́ ni."

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ ọjọ́ kan péré kò tó arọ yìí gbọ́n. Ọkọ̀ ìyàwó mi ni mo gbé lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó ti rù. Kí n tó gbé báàgì rẹ̀ tán ló ti ń wò kiri.

"Píkọ́ọ̀pù dà?"

"Ó wà níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, sà."

Ó wọ ọkọ̀. A rìn díẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń ka owó ilé ìwé mi lé mi lọ́wọ́, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè gbé irọ́ yẹn délé. Ellenwood kò jìnnà sí pápákọ̀. Mo yà.

"Ọ̀nà Lawrenceville kọ́ nìyí."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo nǹkan kan ná, sà."

Nígbà tí a dé gáréèjì, ọkọ̀ náà wà níhòòhò: bọ́dì ẹ̀yìn wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, ṣásì wà lórí òpó, ẹ̀gbẹ́ kan irin tuntun, ẹ̀gbẹ́ kejì a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Àwọn irin tá a gé kúrò wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìpẹtà yẹn.

"Bọ̀dá, ẹ dárí jì mí, sà. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Iyọ̀ ti jẹ ìdí ọkọ̀ yìí. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti mọ̀."

Kò wò mí. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún bẹ̀rẹ̀, ó mú irin kan nílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Irin náà fọ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti gbé àwọn ọmọ sínú ẹ̀ rí?"

Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn tí mo mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Lórí 85. Òjò ń rọ̀."

Ó rí táyà kan, ó jókòó lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ó ní, "Mẹkáníìkì mi ti sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ìpẹtà ti wọ ìdí ẹ̀. Mo rò pé bó bá ti dé ibi tí kò sí iyọ̀, á dúró síbi tó bá a dé. Lọ́sẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo pàdé ọkùnrin yẹn ní gas station. Ó ní, 'Thank God you're not driving that thing.' Ó ní ó lè dá sí méjì lórí eré. Mo gbé fóònù kí n pè ọ́, ìwọ lo kọ́kọ́ pè. O ní, 'Ẹ ṣé, Bọ̀dá.' Mo tún gbé e lọ́jọ́ kejì, Àǹtí ni wọ́n pè láti Òṣogbo, wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn ọmọ pè. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ láti sọ ọ́, o ti ń dúpẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ikú ni mo fi ránṣẹ́ sí yín?"

"Ilẹ̀ Covington ńkọ́, sà?"

"Ilẹ̀ wo? Mi ò ra ilẹ̀ kankan. Mo kàn fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ ni. Tí mo bá ti gbà á, màá ní ó bà jẹ́ sí mi lọ́wọ́, ká gbé e lọ sí junkyard."

Mo bínú sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ó lé lóṣù kan tó ti mọ̀, tó sì dákẹ́! Àmọ́ ìbínú náà kò rí ibi jókòó sí, torí oṣù kan yẹn náà ni èmi fi mọ̀ tí mo dákẹ́. Wẹ́dà ní kí n túmọ̀ ohun tí à ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wo Bọ̀dá, ó wò mí lórí ìdọ̀bálẹ̀ mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin àgbàlagbà méjì fẹ́ jẹ́ kí ọkọ̀ pa yín nítorí kẹ́ ẹ lè ṣe ọmọlúàbí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Bọ̀dá kò padà sí Buffalo títí iṣẹ́ fi parí. Ó yá ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà, ó gba òòlù, kò sì sí ibì kan lára ṣásì yẹn tí kò kàn. Níbi tí wẹ́dà bá ti jó irin mọ́ irin, á ní kó tún jó o sí i. Ọ̀rọ̀ náà sú ọkùnrin yẹn. Ó bi mí pé, "Ṣé báyìí ló ṣe tọ́ ọ dàgbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ọ̀sán Sátidé ọ̀sẹ̀ karùn-ún la parí. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wá wò ó. Èyí ẹ̀gbọ́n ti di ilẹ̀kùn mú kó gòkè nígbà tí Bọ̀dá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró."

Òun nìkan ló wọ̀ ọ́. Ó wà á jáde sójú títì, ó gba orí ìlà rélùwéè tó wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kọjá, a gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ó yí padà, ó tún gbà á kọjá. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn ọmọ ń ráhùn pé ebi ń pa àwọn. Wẹ́dà ní, "Ọkọ̀ náà ti dáa o, ẹ sọ fún un." Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ ló tó yà wọlé, òógùn ti bò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó dìde. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de bẹ́líìtì mọ́ wọn lára, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì-mejì. Èyí ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Bọ̀dá. Ó ń wò mí bóyá kí òun ṣàlàyé pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Mo mi orí fún un pé kó fi í sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé Lawrenceville kò ju wákàtí kan lọ. Ìyàwó mi tẹ̀ lé wa lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Bọ̀dá gba ọ̀nà inú ìlú, ó di sítíárì mú gírígírí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, gbogbo ayé ń fọn fèrè fún wa, ó sì ń bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ ní gbogbo ibi tí iná bá ti dá wa dúró. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló fi gbé wọn délé.